"Ó jẹ ẹ́!" Kí ló jẹ? Ẹ wá dá sí ọ̀rọ̀ "jẹ" tí kò kan oúnjẹ

Àbẹ̀ní_Mọ́kọ́lá (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, ló fi fídíò ọmọge kan tó ń jó bàtá hàn mí. Ọmọ yẹn jó o, kí n má parọ́. Ẹsẹ̀ ń sọ̀rọ̀, èjìká ń dáhùn. Mo wá wo ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ti kọ tiẹ̀: "Ó jẹ ẹ́! Èérún ò kù!"

Mo ní, "Kí ló jẹ?" Ó ní, "Àǹtí, kò lè yé yín."

Ó ti ń jà gùdù lọ́kàn mi láti àárọ̀. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ rò ó, mo rí i pé àwa àgbà náà kì í sọ̀rọ̀ lọ jìnnà ká má fi jíjẹ sí i. Wọ́n jẹ owó. Wọ́n jẹ oyè. Wọ́n jẹ ìyà. Wọ́n jẹ gbèsè. Fóònù ń jẹ dátà, jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo. Ẹnu wo ni fóònù fi ń jẹ ẹ́?

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé Yorùbá ni "ó jẹ ẹ́" táwọn ọmọ yìí ń sọ, àbí Òyìnbó tó wọ aṣọ òfì? Kí oníkálukú sì mú "jẹ" tó bá gbọ́ nígboro wá. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ti inú ìwé atúmọ̀ o. Èyí tẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́ ni mo fẹ́.

Ọmọ_Yábàá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ má bínú sí àbúrò wa. Ẹni tó bá ṣe nǹkan débi tí kò sí ohun téèyàn lè fi kún un mọ́ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó lè jẹ́ ijó, ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ èsì tó pa ẹlẹ́nu mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ló ti wá, lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí TikTok tó gbé e káyé. Àwa náà wá gbà á, a fi Yorùbá sọ ọ́. Tí nǹkan ọ̀hún ò bá wá dáa rárá, àwa níbi tí mò ń gbé á ní "ebi ṣì ń pa á."

Tíṣà_Ìkẹ́rẹ́

Ọmọ Yábàá, o ti dá ẹjọ́ ara rẹ. O ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ó parí. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, bí mo bá sì rí "ó jẹ ẹ́" nínú àròkọ lórí ijó, bírò pupa ni mo máa fi fa ìlà sí i. Ṣé Yorùbá ò ní "ó fakọ yọ" ni? Ṣé kò ní "ó pegedé"? "Jẹ" gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jẹ. Owó ni o, oyè ni o, èrè ni o. Ẹni tó jó, kí ló bọ́ sí i lọ́wọ́?

BàbáAláyò_Ọ̀yọ́

Tíṣà, ẹ rọra. Ó jọ pé ẹ ò tíì jókòó sídìí ọpọ́n rí.

Ihò 12 ló wà nínú ọpọ́n ayò, mẹ́fà lọ́dọ̀ tèmi, mẹ́fà lọ́dọ̀ tìrẹ. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo rẹ̀. Tí mo bá ta, tí ọmọ tó gbẹ̀yìn bọ́ sí ihò tìrẹ, tó sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, mo jẹ ẹ́ nìyẹn. Tí ihò tó ṣáájú rẹ̀ náà bá di méjì tàbí mẹ́ta, mo tún jẹ ìyẹn, mo ń jẹ ẹ́ bọ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀.

Télọ̀ kan wà láàárín wa níbi tí a ti ń ta á. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, bí ẹni pé oorun ń kùn ún. Á máa kó odù, ìyẹn ọ̀pọ̀ ọmọ ayò, jọ sí ojú kan, á máa fi ìka rú u bí ẹni pé kò mọ iye tó wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí kò mọ ayò ta, tó jókòó níwájú rẹ̀ á ti máa rẹ́rìn-ín, á máa wojú òǹwòran. Ọjọ́ tó bá wu télọ̀ ló máa gbé odù yẹn, á fi yí ọpọ́n po, ihò mẹ́ta ni á sì jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo tí gbogbo wa máa ń pa ni "Ó jẹ ẹ́!" Àwọn míì á tiẹ̀ dìde dúró. Ṣé ọmọ ayò là ń yọ̀ mọ́? Ta ló lè fi ọmọ ayò ra gààrí? Ọgbọ́n tó fi jẹ ẹ́ là ń kí.

Nítorí náà, ọmọ yẹn ò nílò kó dé Amẹ́ríkà kó tó rí "ó jẹ ẹ́." Ìdí igi ni ì bá dúró sí.

Kọ̀ǹdọ́Tẹ́lẹ̀

Haa! Bàbá ti jẹ Tíṣà.

Tíṣà_Ìkẹ́rẹ́

Wọn ò tíì jẹ mí o. Nínú ayò, ọmọ ayò kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan, ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Ijó ọmọ yẹn ò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣẹ́ mi kún un, torí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Ẹ wo ilé ẹjọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bi, ó di "jẹ̀bi." Ẹni tí kò ṣẹ̀ jẹ àre, ó di "jàre." Àwọn méjèèjì ló jẹun délé, ọ̀kan jẹ kíkorò, ọ̀kan jẹ dídùn. "Jàre" tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ lójoojúmọ́, "dákẹ́ jàre," "fi mí sílẹ̀ jàre," ibẹ̀ ló ti jáde.

Ẹ tún wo bó ṣe máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ míì bí òjìji. Ó rẹ́ mi jẹ. Ó tàn mí jẹ. Ó yàn mí jẹ. Bí wọ́n bá ti fi "jẹ" sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ẹnì kan pàdánù nìyẹn. Ẹ má sì kó "bàjẹ́" mọ́ ọn o, ohùn òkè nìyẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri náà kò sí nínú èyí. Mo sọ ọ́ kí ẹnì kan má bàa kọ "jẹ́lé-ó-sinmi" wá síbí, kó ní jíjẹ ni.

Ọlọ́jà_Bódìjà

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí oníṣòwò náà rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní Bódìjà. "Jẹ" ni mo máa ń gbọ́ kí n tó gbọ́ "ẹ kú ọjà." Oníbàárà á ní, "Ìyá, ẹ jẹ èrè kékeré lórí mi." Èmi á ní, "Èrè wo ni mo rí jẹ? Iye tí mo rà á náà ni mò ń tà á." Irọ́ ni o, àmọ́ òtítọ́ ò ṣeé ná ọjà.

Àwọn aláwìn ló mọ "jẹ" sọ jù. Ọ̀kan wà tó gba kóńgò ìrẹsì mẹ́ta lọ́wọ́ mi, tó búra pé òun ò jẹ gbèsè mọ́jú rí láyé òun. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ní báyìí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń gbà kọjá.

Ẹ tún wo ti àjọ. Obìnrin kan ń gba àjọ ní láìnì wa nígbà kan. Àràárọ̀ ló máa ń wá pẹ̀lú káàdì àti bírò, á fàmì síbẹ̀, á bi wá léèrè ọmọ, á mu omi tútù lọ́dọ̀ wa. Ìparí ọdún dé, gbogbo wa ń retí owó ọdún, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní ó jí owó wa. Gbogbo ọjà ló ń sọ pé "ó ti kó owó àjọ jẹ." Olè lè jí owó ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹni tó kó owó rẹ jẹ, ó mọ̀ ọ́, ó mọ ọmọ rẹ, ó mọ ohun tí o fẹ́ fowó ọ̀hún ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo ju olè lọ létí tèmi.

Kọ̀ǹdọ́Tẹ́lẹ̀

Ìyá mi, ẹ ṣeun. Èmi ṣe kọ̀ǹdọ́ láti Ọ̀ṣòdì sí Ọ̀bàléńdé kí n tó rí iṣẹ́ míì. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi kàn wá: "Kọ̀ǹdọ́ jẹ ṣéńjì mi!" Ẹ gbọ́ tiwa náà.

Láàárọ̀ kùtù, ẹgbẹ̀rún náírà ni gbogbo wọn máa ń nà sí mi. Mo ti pariwo kí wọ́n tó wọkọ̀ o: "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o! Mi ò ní ṣéńjì o!" Wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Tá a bá dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọ̀, mo máa so méjì pọ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin àti bọ̀ọ̀dá aláṣọ búlúù yẹn, ẹ gba ẹgbẹ̀rún kan yìí, ẹ pín in." Wọn ò mọra wọn rí láyé. Wọ́n á dúró sẹ́bàá títì, wọ́n á máa bẹ ẹlẹ́pà kó bá wọn ṣẹ́ owó. Bọ̀ọ̀dá ń wo aago, àǹtí di owó mú gírígírí. Ọ̀kan nínú wọn ló máa jẹ ṣéńjì yẹn níkẹyìn. Àmọ́ èmi ni àwọn méjèèjì máa bú délé.

Ta ló wá ń jẹ èmi? Àgbèrò. Ibùdókọ̀ kan, owó kan. N kò rí i kẹ́nì kan béèrè ṣéńjì lọ́wọ́ ìyẹn rí.

Ọmọ_Yábàá

Ẹ má gbàgbé tẹ́tẹ́ o. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wọlé, "ó jẹ ẹ́." Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù náà ń sọ pé ẹnì kan jẹ góòlù. Tíṣà, ṣé wọ́n gbé góòlù lọ sílé ni?

Àbẹ̀ní_Mọ́kọ́lá

Ọmọ yìí, má ba tíṣà wa fa wàhálà. Mo ní ìbéèrè míì: "ajẹbọ́tà" ńkọ́?

Ọmọ_Yábàá

Èmi rèé. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ní yunifásítì nìyẹn, torí pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ jíǹsì lọ́wọ́. Àwọn tó sọ mí lórúkọ ń pe ara wọn ní ajẹpákó, wọ́n sì ń fi í yangàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ajẹbọ́tà, àmọ́ gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ bí aago kí ọmọ tí wọ́n máa bí lè di ọ̀kan.

Títí_Peckham

Bọ́tà wo gan-an? Nílé wa ní Àgége, mágarínnì la fi ń pa búrẹ́dì, a sì ń pè é ní bọ́tà. Ìgbà tí mo dé ìlú ọba ni mo kọ́kọ́ rí èyí tó ti ara màlúù wá. Ẹ̀yin ajẹbọ́tà ìgbà yẹn, ẹ lọ yẹ ike yín wò.

BàbáAláyò_Ọ̀yọ́

Ẹ dúró. Kí ni "pákó" nínú ajẹpákó? Èmi gbà pé pákò ni, ìyẹn orín. Ọmọ olówó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín, ọmọ tálákà ń fi pákò.

Kọ̀ǹdọ́Tẹ́lẹ̀

Rárá o, bàbá. Pákó ni, igi tí wọ́n là. Ẹ wá wo ilé pákó lójú omi ní Mákòókò. Ọmọ tó dàgbà síbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọmọ pákó. Nǹkan le fún un débi pé, ká ní pákó ṣeé jẹ, á jẹ ẹ́.

Tíṣà_Ìkẹ́rẹ́

A kì í jẹ pákò, a máa ń run ún ni. Lórí èyí, mo wà lẹ́yìn kọ̀ǹdọ́.

BàbáAláyò_Ọ̀yọ́

A kì í jẹ pákó náà, àfi tó bá jẹ́ ikán. Ṣé ikán ni àwọn ọmọ ọ̀hún?

Alámójútó

Mo ti ya ìjà pákó àti pákò sọ́tọ̀ sí ojúewé tiẹ̀. Ẹ bá a lọ níbẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta tẹ́ ẹ sì fẹ́ gbé "jẹ" wọ yàrá tọkọtaya, mo ti pa ohun tẹ́ ẹ kọ rẹ́. Àwọn ọmọdé ń ka ibí yìí.

Sàlámì_Kano

Ẹ kú ìjókòó o. Sábọ́n Gàrí ní Kánò ni wọ́n bí mi sí, a fi Hausa ṣeré dàgbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn náà. Jíjẹ ni "ci." Ẹni tó jẹ gbèsè, "ya ci bashi." Ẹni tó jọba, "ya ci sarauta." Ẹni tó yege nínú ìdánwò, "ya ci jarabawa," ó jẹ ìdánwò! Ẹni tó sì da ẹni tó fọkàn tán an, "ya ci amana." Nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò mọ ìgbà tí mo ń kúrò nínú èdè kan bọ́ sínú èkejì, torí pé ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń jẹ.

Tíṣà, ìdánwò kì í bọ́ síni lọ́wọ́ o. Orúkọ nìkan ló ń mú wá. Ijó náà sì ń mú orúkọ wá.

Ọmọ_Kétu

Ẹ kú ilé. Láti Kétu, Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń kí yín. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé níbí, àmọ́ tí ẹnì kan bá ná owó ìlú tán, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ bíi ti inú ìwé. "Il a bouffé l'argent" ni wọ́n ń sọ, ó ti jẹ owó. Faransé ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà, ṣé ẹ̀ ń sọ "jẹgúdújẹrá" di báyìí? Orí rédíò yín ni mo ti kọ́ ọ.

Tíṣà_Ìkẹ́rẹ́

A ń sọ ọ́ o. Iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́dọ̀ wa. Olè ni ẹni tó jí adìẹ. Ẹni tó jí owó ọ̀nà, owó omi àti owó ilé ìwé pọ̀, òun ni jẹgúdújẹrá.

Ní Èkìtì tèmi, ìdìbò gan-an ti di ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ dìbò gómìnà ní oṣù Keje 2018, gbólóhùn tó gba ẹnu gbogbo ayé ni "dìbò kóo sebẹ̀." Wọ́n á fún ọ lówó, o dìbò, o gba ọjà lọ. Ṣáájú ìyẹn, ní 2014, "stomach infrastructure" ni wọ́n ń sọ, àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń sọ ọ́ geerege, torí pé ikùn ò nílò ògbufọ̀. Ìyá àgbà kan ládùúgbò mi gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjì. Ó ní, "Mo jẹ ti ibí, mo jẹ ti ọ̀hún, mo wá dìbò fún ẹni tí n kò jẹ tiẹ̀."

Àbẹ̀ní_Mọ́kọ́lá

Ìyá yẹn jẹ ẹ́! Tíṣà, kí ni mo tún lè pe ìyẹn?

Níbí ní Ìbàdàn, ẹ̀yin àgbà máa rántí Mọ́lété. Nígbà ayé Olóyè Lámídì Adédibú, tó dágbére fáyé ní 2008, ìkòkò àmàlà kì í sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé wọn. Àwọn oníwèé ìròyìn ń fi í bú wọn, wọ́n ń pè é ní òṣèlú àmàlà. Àmọ́ ẹni tó jẹ níbẹ̀ kì í gbàgbé. Mo mọ oníkẹ̀kẹ́ kan tó ṣì ń búra pẹ̀lú abọ́ tó ti jẹun níbẹ̀.

Alámójútó

Ẹ ti ń sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ yà kúrò níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná. Ẹ wá gbọ́ tilé ìwòsàn. Ní oṣù Kẹta 2021 tí abẹ́rẹ́ kòrónà kọ́kọ́ dé Nàìjíríà, "abẹ́rẹ́ àjẹsára" la ń pè é lórí rédíò àti ní wọ́ọ̀dù. Bàbá arúgbó kan wá bá mi, ó jókòó, ó yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀, ó dì í sínú áńkáṣíìfù. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ ṣe?" Ó ní, "Ẹ ò ní a máa jẹ ẹ́ sára ni?" Mo ní apá la máa gún. Ó da eyín rẹ̀ padà sẹ́nu, inú ẹ̀ ò dùn.

Kó tó kúrò, ó wá kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí wọn ò kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní kì í ṣe dókítà ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní àwọn onísègùn ló ni ín. Àsèjẹ ni wọ́n ń sè fún èèyàn, pẹ̀lú ẹran àti ewé àti epo, wọ́n á ní kó jẹ ẹ́ tán pátápátá, kó lè wọ ara rẹ̀, kí ohun búburú tó bá dé bá a pé ilé kún. Ó ní àwa kàn gba orúkọ, a fi abẹ́rẹ́ sí i.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń kíyè sí lẹ́nu àwọn aláìsàn. Èèyàn lè sọ pé "mo jẹ ìyà," ó sì lè sọ pé "ìyà jẹ mí." Lójú tèmi, wọn ò dọ́gba. Ẹni tó bá ní òun jẹ ìyà, ó ti ń sọ ìtàn nìyẹn, ó ti bọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ní ìyà ń jẹ òun, ẹ tètè wá bẹ́ẹ̀dì fún un.

Ọmọ_Yábàá

Ẹ̀yìn ìpàdé yìí ni mo máa lọ wá àsèjẹ. Ìdánwò ti dé tán.

Ọ̀yọ́mèsì_nílé

Àbẹ̀ní, ẹ dárúkọ oyè, ẹ sì fò ó kọjá. "Jẹ oyè," "jọba." Ìgbà tí Ọ̀ọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì jọba ní 2015, gbogbo ìwé ìròyìn Yorùbá kọ "jọba," kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni wọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi béèrè. Mo ní ipò ni wọ́n jẹ. Ẹni tó bá jẹ ipò, ipò náà á wọ inú rẹ̀. Kò ṣeé bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ. Ẹ kì í gbọ́ kẹ́nì kan sọ pé olùdarí iléeṣẹ́ "jẹ olùdarí." Wọ́n yàn án ni. Ó lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la.

Tíṣà_Ìkẹ́rẹ́

Ìyẹn dára gan-an. Mo máa lò ó ní kíláàsì.

Ọmọ_Bàhíà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Salvador, ní Bràsíìlì, ni mò ń gbé báyìí, mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní Yorùbá. Nínú ilé Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń ṣe níbí, tí wọ́n bá ti ṣe orò tán, oúnjẹ àjùmọ̀jẹ máa ń wà. "Ajeum" ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n sì ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, lọ́nà Potogí. Àwọn tí baba ńlá wọn kúrò nílé láti ìgbà òwò ẹrú! Wọn ò mọ "jẹ gbèsè," wọn ò mọ "jẹ ṣéńjì." Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí ìyá àgbà kan pe gbogbo ilé sídìí ajeum, mo dáhùn kí n tó rántí pé èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Abọ́ fẹjọ́n kan ló gbé fún mi, pẹ̀lú epo pupa tí wọ́n ń pè ní dendê.

Àbẹ̀ní_Mọ́kọ́lá

Omi bọ́ lójú mi. Ẹ bá mi kí ìyá náà.

Títí_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n mú tàwọn ọmọ wá. Ọmọ mi ọkùnrin, tí wọ́n bí síbí, gbọ́ tí mò ń bá àbúrò mi jà lórí fóònù pé "o jẹ mí ní igba pọ́ún." Ó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé àbúrò mọ́mì ti jẹ owó wọn nínú sáńwíìṣì. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá bá mi pẹ̀lú fóònù tó ti kú, ó ní, "Mọ́mì, géèmù yìí ti jẹ bátìrì mi, mo sì fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n jẹ tiyín." Mo gbé fóònù mi fún un. N kò lè kọ̀.

BàbáAláyò_Ọ̀yọ́

Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá. Tíṣà, kí lẹ rí sí i? Ṣé ẹ máa fa ìlà pupa sí ti ọmọ London náà?

Tíṣà_Ìkẹ́rẹ́

Bátìrì tán lẹ́nu géèmù, géèmù jẹ ẹ́. Kò sí àléébù níbẹ̀. Èmi ṣì dúró lórí ti ijó. Ẹ máa sọ ọ́ lórí TikTok, ẹ máa sọ ọ́ nídìí ọpọ́n. Tí ọmọ kíláàsì mi bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, máàkì ni èmi máa jẹ.

Ọmọ_Yábàá

Tíṣà ti sọ pé òun máa jẹ máàkì! Ẹ ya àwòrán ìyẹn kí wọ́n tó pa á rẹ́!

Kọ̀ǹdọ́Tẹ́lẹ̀

Mo ti yà á.

Ọlọ́jà_Bódìjà

Ẹ má bínú pé mo dá yín lẹ́nu. Ẹni tó ń jẹ́ Ọ̀yọ́mèsì_nílé yìí, àwòrán tí ẹ lẹ̀ mọ́ orúkọ yín, fìlà yẹn ò ṣàjèjì sí mi. Kóńgò ìrẹsì mẹ́ta ńkọ́?

Ọ̀yọ́mèsì_nílé

Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ní kí ẹ máa retí mi.

Ọlọ́jà_Bódìjà

Ọjọ́ Ẹtì wo?